Àwọn Lẹ́tà Tí Bàbá Tíṣà Fa Ìlà Sí

Ráṣídì, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Mi ò bínú o. Ṣùgbọ́n mo rí i tí ìka rẹ ń lọ síbi tí wọ́n ti ń nu gbogbo inú fóònù nù, nígbà tí obìnrin tó ni ín kò tíì dé, tí kò tíì fi ojú ara rẹ̀ rí i pé gbogbo nǹkan òun ti kọjá sínú tuntun. Ẹ jókòó, gbogbo ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ mi. Iná ti lọ, òjò sì ti ṣú láti ìhà Ìgandò. Kò sí oníbàárà tó máa wá sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìkòtún báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi máa ń pariwo lé yín lórí nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí.

Ẹ máa ń pè mí ní Bàbá, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì pé ogójì ọdún, mi ò sì kàwé kọjá kíláàsì kẹta girama. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ wa yìí, ọjọ́ orí kọ́ la fi ń di àgbà. Mo ti rí ikú díìsìkì pẹlẹbẹ. Mo ti rí ikú sáíbà kafé. Mo ti rí bí àwọn ènìyàn ṣe dẹ́kun kíkọ lẹ́tà gígùn. Ẹni tó bá ti sin nǹkan mẹ́ta, irun rẹ̀ ì báà dúdú bí kóró iṣin, ẹ fún un ní ìjókòó.

Kafé tí mo ti kọ́ṣẹ́ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní òkè ilé kan tí wọ́n ti ń ta fóòmù ibùsùn nísàlẹ̀. Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, jẹnẹrétọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà fáànù òkè tó ń ké kírí-kírí bí ọmọ ẹyẹ, lẹ́yìn náà ìró ọwọ́ lórí kíbọọ̀dù. Ìró yẹn ṣì máa ń wọ ojú oorun mi títí dòní. Ẹni méjìlá ń kọ lẹ́tà lẹ́ẹ̀kan náà! Ó dà bí òjò wẹ́wẹ́ lórí páànù, èyí tí kò fẹ́ rọ̀ gidi, tí kò sì fẹ́ dá. Bí mo bá jókòó síbi tábìlì mi láàárọ̀ Sátidé, tí oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, tí eruku ń jó díẹ̀díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ náà, mo máa ń rò pé ohun tí gbogbo ayé ń bá ara wọn sọ ń gba iwájú mi kọjá ni.

Àwọn ènìyàn máa ń wọ aṣọ tó dáa wá. Bẹ́ẹ̀ ni, láti wá ka lẹ́tà! Ìyá àgbà á lo gèlè, á jókòó tì mí, á ní, "Kọ ọ́ pé mo kí i. Ṣé o ti kọ ọ́? Ó yá, kà á fún mi." Mo bá kà á. "Rárá, o yára kà á jù, kò ní mọ̀ pé èmi ni." Nígbà Iléyá, ìlà àwọn tó fẹ́ kí ọmọ wọn lókè òkun máa ń dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, láàárín àwọn fóòmù. Nígbà Kérésìmesì náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá kan wà, aláṣọ funfun láti ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aládùúrà, tó máa ń bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé. Ó ní ibi tí òun ti ń gbúròó ọmọ òun, ilẹ̀ mímọ́ ni. Àǹtí Síkírá tó ni kafé, Mùsùlùmí gidi, wò ó títí, ó ní, "Ìyá yìí gbọ́n jàre." Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún wọ bàtà wọlé mọ́. Ilẹ̀ mímọ́ kọ́ ni ti Àǹtí o. Kí ilẹ̀ gbígbá lè rọrùn ni tirẹ̀.

Lónìí ńkọ́? Ọmọ á fi ojú kékeré tó ń rẹ́rìn-ín ránṣẹ́, ìyá á fi àtàǹpàkò dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mi ò sọ pé kò dáa. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú sì ti ń rí ojú nínú fóònù báyìí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu, atẹ́gùn ní í gbé e lọ. Lẹ́tà ló máa ń dúró dè ọ́. Ó máa ń dúró, àyàfi bí irú èmi bá dé.

Bàbá Tíṣà ń gbé ní Gowon Estate. Ará Èkìtì ni, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìntì, tó máa ń mú agbòòrùn dání, ì báà jẹ́ òjò tàbí ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ṣọlá, lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ wọn lókè òkun láti bá wọn wo ọmọ tuntun. Oṣù mẹ́ta ló ní òun máa lò. Ọmọ kejì dé, oṣù mẹ́ta di ọdún. Ọmọ kẹta dé. Ṣọlá ra kọ̀ǹpútà sílé fún bàbá rẹ̀, ó fi ètò lẹ́tà kan sínú rẹ̀ tó máa ń fa í-meèlì wálẹ̀ tí kì í fi ẹ̀dà kankan sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Èmi ni mo máa ń lọ bá a tún un ṣe bó bá kọsẹ̀. Bàbá ń pè mí ní Dókítà, ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n inú mi máa ń dùn.

Ìyá Ṣọlá kú síbẹ̀. Kò ṣàìsàn púpọ̀. Wọ́n sin ín sílé, ní Èkìtì, Bàbá sì padà sí Gowon Estate láti máa nìkan jókòó.

Ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn, kọ̀ǹpútà náà bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì láàárín ọ̀rọ̀. Ṣọlá fi kọ̀ǹpútà tuntun pẹlẹbẹ ránṣẹ́. Bàbá bá pè mí.

"Dókítà, aláìsàn wa ti fẹ́ kú o."

"Ẹ má ṣèyọnu, sà. A ó kó ẹrù rẹ̀ sínú tuntun."

"Ẹrù wo? Lẹ́tà ìyàwó mi nìkan ni mo fẹ́. Ohun tó kù, o lè dà á nù."

"Gbogbo ẹ̀ ló máa débẹ̀, sà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

Ó wò mí. Ó ní, "Bó o bá ṣe é tán, máa gbé ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn lọ. Mo fi ta ọ́ lọ́rẹ."

Ẹ gbọ́, ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀. Mi ò tíì ní kọ̀ǹpútà tèmi rí láyé mi. Ti kafé ni mo ń lò. Láti ìgbà tí Bàbá ti sọ gbólóhùn yẹn, mi ò rí lẹ́tà ìyàwó ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rọ náà ni mò ń rí, lórí àpótí kan nínú yàrá mi ní Sáṣà, tí mo ti nu eruku ara rẹ̀ kúrò.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn bí ẹ ṣe ń rò. Ètò lẹ́tà àtijọ́ kì í tọ́jú lẹ́tà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gbogbo lẹ́tà tó wà nínú fódà kan, fáìlì gígùn kan ṣoṣo ni, èyí lẹ́yìn èyí, bí ẹ̀kọ tó wà nínú ìkòkò. Ètò tó wà nínú ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀kọ inú ewé ló mọ̀: lẹ́tà kan, fáìlì kan. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kó wọn kúrò nínú èkíní sínú èkejì, bí ẹni tó ń di ẹ̀kọ ni. Ètò kékeré kan wà tó máa ń bá wa dì í. Ó ń bu ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń wé e, ó ń tò ó. Ṣùgbọ́n ìkòkò Bàbá ti tóbi jù. Ètò náà á bẹ̀rẹ̀, á dé àárín, á dákú.

Ni mo bá ṣí fódà náà wò. Mo rí orúkọ Ìyá Ṣọlá láti òkè dé ìsàlẹ̀, àfi ti àwọn ọmọ díẹ̀ láàárín. Lórí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo lẹ́tà rẹ̀, ìlà kan là á kọjá. Nínú ètò yẹn, bí èèyàn bá tẹ bọ́tìnnì ìjùnù, lẹ́tà náà kò ní lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ètò náà á kàn fa ìlà sí i, á fi í síbẹ̀, o ṣì lè ṣí i kà. Ọjọ́ tí o bá tẹ bọ́tìnnì mìíràn, èyí tó ń fún fódà pọ̀ kó lè kéré, ọjọ́ náà ni gbogbo èyí tí ìlà wà lára rẹ̀ máa pòórá.

Mo rò ó bí ìṣẹ́jú kan. Mo ní, ta ló ń fa ìlà sí ohun tó ṣì fẹ́? Ó ti jù wọ́n nù fúnra rẹ̀ ni. Bàbá wà nínú pálọ̀ tó ń gbọ́ rédíò, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ sí mi. Ẹnu mi kò wúwo. Mi ò bi í. Mo tẹ bọ́tìnnì náà. Ìkòkò náà fúyẹ́, ètò kò dákú mọ́, iṣẹ́ parí kíá. Mo gbé tuntun fún Bàbá, ó dúpẹ́, ó kí mi kú iṣẹ́, ó fún mi ní iyán jẹ. Mo gbé àtijọ́ sínú kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Kí iyán náà tó dà nínú mi, mo ti nu gbogbo inú ẹ̀rọ náà nù, ó mọ́ tónítóní, ó di tèmi.

Ọjọ́ kẹta, ní ọ̀sán, mo gbọ́ agbòòrùn lórí àtẹ̀gùn kafé, kó, kó, kó. Bàbá bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi àpò ìrọ̀rí wé ẹ̀rọ tuntun náà, ó gbé e sáyà bí ìkókó.

"Dókítà, bá mi wá ìyàwó mi. Mi ò rí i. Lẹ́tà rẹ̀ kan ṣoṣo ni mo rí níbẹ̀."

Mo ṣe bí ẹni tó ń wá a. Mo ṣí fódà, mo tì í. Mo ní, "Ó dà bí pé wọ́n ti bàjẹ́ látinú ẹ̀rọ àtijọ́, sà. Fáírọ́ọ̀sì ló jẹ wọ́n."

Ó mi orí. Ó ní, "Hẹn. Ẹ̀bi mi ni. Mo pẹ́ jù kí n tó pè ọ́. Máa bínú, ọmọ mi, mo fi ṣe ọ́ ní wàhálà."

Èmi ló ń bẹ̀! Ó wọ bàtà, ó sọ̀kalẹ̀. Mo ka ìró agbòòrùn náà títí tó fi dé ìsàlẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, mi ò gbádùn ẹ̀rọ yẹn. Bí mo bá tan án, fáànù inú rẹ̀ á mí hùùù, bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tó tún gbé e mì. Lọ́jọ́ kan Àǹtí Síkírá bi mí pé kí ló dé tí mò ń rù. Mo jẹ́wọ́ fún un.

"O ò bi í?"

"Mo rí ìlà lára wọn ni, Àǹtí. Mo rò pé ó ti jù wọ́n nù."

"O rí ìlà! Èmi náà rèé pẹ̀lú pélé lójú mi, ó yá, wá jù mí nù!" Ó gbá orí mi jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ rọ̀. "A kì í da omi àná nù kí a tó pọn tòní, ìwọ ọmọ yìí. O da omi olómi nù, o tún parọ́ mọ́ ọn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tìẹ ò tíì rìn jìnnà. Sáré lé e padà."

Mo gbé ẹ̀rọ náà, mo lọ sí Gowon Estate. Òjò ń rọ̀ bí irú èyí tó ń bọ̀ yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú pálọ̀, aṣọ mi ń ro omi sílẹ̀, mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bọ́tìnnì tí mo tẹ̀, ìnù tí mo nu ẹ̀rọ, irọ́ fáírọ́ọ̀sì. Mo ní, "Ìlà tí ẹ fà sí wọn ló tàn mí, sà."

Bàbá kò pariwo. Ó ní kí n dìde, ó fún mi ní aṣọ ìnura.

"Nígbà tí mo ń ṣe tíṣà, ìwé ọmọ tí mo bá ti máàkì tán, mo máa ń fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé mi, kí n lè mọ ẹni tó kù. Ìyàwó mi náà, tíṣà ni, bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Bó bá kọ̀wé, mo dáhùn, mo fa ìlà. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń fa ìlà nínú ẹ̀rọ, inú mi dùn. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìdọ̀tí ni wọ́n fi ń kó."

"Ẹ̀yin náà ò bi mí, sà." Mi ò mọ bí ó ṣe já lẹ́nu mi.

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó gbẹ. "Òótọ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí kò na ọwọ́ sókè."

Nígbà náà ló yé mi. Mo ní, "Èyí tó ṣẹ́kù, tí kò ní ìlà..."

"Òun ni mi ò dáhùn." Ó yí ojú sí fèrèsé. "Ó ti ní òun ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ń yẹ̀ ẹ́. Mo bínú. Ó wá kọ ọ́ pé, 'Ṣé kí n máa bọ̀ nílé?' Mo ní ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀, kó mọ̀ pé ó dùn mí. Mo dá a dúró ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ọkàn mi tó rọ̀, Ṣọlá ni wọ́n ní ó wà lórí fóònù, pé ìyá òun ti kú."

Òjò náà ò dá. A jókòó. Omi ń ṣàn ní gọ́tà ẹ̀yìn ilé, ó ń gbé ewé máńgòrò lọ. Bóyá òjò yẹn ló mú un wá sí mi lọ́kàn, mi ò mọ̀. Mo rántí fódà kejì, èyí tí àwọn lẹ́tà tí Bàbá fúnra rẹ̀ kọ wà nínú rẹ̀. Mo ti di ìyẹn náà sínú ewé, mi ò sì fún un pọ̀, torí pé kò tóbi. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣí i. Mo ka èkíní sókè: "Ìyá Ṣọlá mi. Ìbéèrè: O bi mí bóyá mo ti tún páànù ilé ìdáná ṣe. Ìdáhùn: Káfíńtà ò tíì dé. Ìbéèrè: O bi mí pé ta ló ń bá mi gún iyán. Ìdáhùn: Ara mi ni, ó sì ní kókó."

Mo wo Bàbá. "Gbogbo rẹ̀ lẹ kọ báyìí, sà?"

"Báwo ni màá ṣe kọ ọ́? A máa ń kọ ìbéèrè ká tó kọ ìdáhùn. Mo ti na àìmọye ọmọ nítorí rẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rí Ìyá Ṣọlá padà nínú ìbéèrè rẹ̀. Sátidé lẹ́yìn Sátidé, mò ń lọ, mò ń kà, ó ń di ojú rẹ̀. Ìbéèrè: O bi mí bóyá ẹyẹ òwìwí ṣì ń wá sórí máńgòrò. Ìbéèrè: O bi mí bóyá mò ń wọ súwẹ́tà ní ọyẹ́. Ìbéèrè: O bi mí pé kí ni mo jẹ lánàá, kí n má parọ́. Nígbà míì mo máa ń rò pé mò ń gbọ́ ohùn obìnrin kan nínú yàrá kejì, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àwo, tó ń béèrè ọ̀rọ̀ láì wo ojú ẹni. Ṣùgbọ́n mi ò ní tàn yín. Kì í ṣe lẹ́tà náà. Ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ ti lọ, ìkíni rẹ̀ ti lọ, orin tí Bàbá ní ó máa ń kọ sí ìparí ti lọ. Eegun ẹja ni mo bá a ṣà. Ẹja náà, ọwọ́ mi ló ti bọ́ lọ. Mo fi ẹ̀rọ àtijọ́ náà sílẹ̀ fún un, bó tilẹ̀ ṣófo. Ó gbé e sórí tábìlì, ó fi aṣọ bò ó.

Sátidé tó kẹ́yìn, kí Ṣọlá tó wá mú un lọ sí Èkìtì, a ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Bàbá ní, "Dókítà, ṣí èyí tó kù yẹn. A fẹ́ dáhùn rẹ̀."

Mo ṣí i. Mo gbé ọwọ́ lé kíbọọ̀dù.

"Kọ ìbéèrè ná."

Mo kọ ọ́: O bi mí pé, ṣé kí n máa bọ̀ nílé?

Ojú ọjọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, mo rántí. Oòrùn wà lórí tábìlì, eruku ń jó nínú rẹ̀ bíi ti kafé. Ó gbé agbòòrùn rẹ̀ sórí itan, ó gbé e kúrò.

"Kọ ọ́ pé, máa bọ̀."

Mo kọ ọ́. Mo dúró kó fi nǹkan mìíràn kún un, kò fi kún un. Ó ní kí n má fi ránṣẹ́, kí n kàn tọ́jú rẹ̀ síbi tí àwọn tó kù wà. Mo tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ mi wá padà sórí lẹ́tà Ìyá Ṣọlá, torí mo ti mọ bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bi í.

"Ṣé kí n fa ìlà sí i, sà?"

Bàbá gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ mi, ó gbé e kúrò lórí ẹ̀rọ náà jẹ́jẹ́.

"Rárá," ó ní. "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Kafé ti kógbá sílé. Irun àtọwọ́dá ni wọ́n ń tà lókè ibẹ̀ báyìí. Mo gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ kan, mo dúró, mo fetí sílẹ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Ta nìyẹn tó ń kan ilẹ̀kùn? Ẹ wá wọlé, màámi, òjò ti dé. Ráṣídì, fún wọn ní àga. Gbé fóònù méjèèjì fún wọn, àtijọ́ àti tuntun. Jẹ́ kí wọ́n wò ó títí, má dà wọ́n láàmú. Bí wọ́n bá ní gbogbo ẹ̀ ti pé, tún bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.